Ọ̀rọ̀ Ẹnu Dókítà ní Kílíníìkì Àtọ̀gbẹ, Láti Ìdájí Dé Ìrọ̀lẹ́

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a tọ̀ lẹ́yìn lónìí. Ẹnu dókítà ló ti jáde, inú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ló ń lọ, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló sì gbà á láti sọ. Mo to ọjọ́ náà jọ láti inú bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ ní ilé ìwòsàn ńlá tó ti ń fi ohùn kọ àkọsílẹ̀ aláìsàn. Dókítà inú rẹ̀ àti Màmá inú rẹ̀ dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ wọ́n lórúkọ. Àwọn ìwádìí, ọdún àti kóòdù tí mo mẹ́nu bà jẹ́ òótọ́, ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò yóò rí wọn.

Aago 6:10 àárọ̀

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí káàdì ti ń tò lé ara wọn lórí tábìlì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá tètè dé ni yóò tètè rí dókítà. Màmá, ẹni ọdún 62, ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọmọ wọn obìnrin. Fáìlì wọn ti nípọn débi pé okùn ni wọ́n fi dì í. Ọdún mẹ́sàn-án àtọ̀gbẹ ló wà nínú rẹ̀, oríṣiríṣi ọwọ́ ìkọ̀wé ló sì wà níbẹ̀, òmíràn ò ṣeé kà rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá ṣúgà Màmá ń gòkè láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àfi kó jókòó kó máa ṣí ewé kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ wa ti rí ìṣòro yìí. Ní òpin àwọn ọdún 1980, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àti Yunifásítì Kuopio ní ilẹ̀ Finland jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ètò kọ̀ǹpútà fún àkọsílẹ̀ aláìsàn, èyí tí wọ́n wá mọ̀ sí MINPHIS. Mo máa ń rántí iṣẹ́ yẹn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí ṣáájú kí ìdajì àwọn tó ń ka ìwé yìí tó rí kọ̀ǹpútà sójú ni wọ́n ti ń ṣe é.

Aago 7:45

Nọ́ọ̀sì pe Màmá wọlé. Ìfúnpá: 168 lórí 102. Ṣúgà: 198. Ìwọ̀n ara: kílò 78. Nọ́ọ̀sì tẹ iye kọ̀ọ̀kan sínú àpótí tirẹ̀ lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, ó sì pe ẹlòmíràn.

Ẹ wo bí èyí ṣe rọrùn tó. Nọ́ńbà 168 tí nọ́ọ̀sì tẹ̀ yẹn kò wọlé lásán. Àpótí tó wọ̀ ní kóòdù lẹ́yìn, 8480-6, láti inú ètò àgbáyé kan tí wọ́n ń pè ní LOINC, èyí tó túmọ̀ sí ìfúnpá ti òkè. Ti ìsàlẹ̀ ni 8462-4. Kọ̀ǹpútà tó wà ní Ìbàdàn àti èyí tó wà ní London á ka kóòdù yẹn, ohun kan náà ni yóò yé àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá fẹ́ to ìfúnpá Màmá láti oṣù dé oṣù, iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Ohun tí gbogbo ètò yìí ń wá nìyẹn: kí ọ̀rọ̀ dókítà náà lè jókòó sínú àpótí tó yẹ ẹ́, bí nọ́ńbà nọ́ọ̀sì ṣe jókòó. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu kì í jáde ní àpótí-àpótí.

Aago 8:50

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ara ńkọ́?"

"Dókítà, ọmọ mi, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni. Ó ń ta mí, ó sì ń ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Òru ló máa ń le jù."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Àyà ò dùn yín?"

"Rárá o."

"Oògùn yín ńkọ́, ṣé ẹ ń lò ó?"

"Mò ń lò ó. Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é."

Dókítà bèèrè ẹbí. Màmá ní rọpárọsẹ̀ ló pa ìyá àwọn. Ó bèèrè oògùn tí kì í bá wọn lára mu. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ penisilíìnì kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú wọn lọ nígbà tí wọ́n wà ní ọmọdébìnrin. Ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, ó fi okùn tín-ínrín kan ibẹ̀, ó ní kí wọ́n pa ojú dé kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lára. Ó ní kí wọ́n lọ fa ẹ̀jẹ̀ ní lábù, kí àwọn lè mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì máa lo oògùn bó ṣe wà títí èsì yóò fi dé. Lẹ́yìn náà ló sọ fún wọn pé òun yóò fi ohùn kọ ohun tí àwọn sọ sínú fóònù, ó bèèrè bóyá wọ́n gbà.

"Kò sí wàhálà, ọmọ mi. Ìwọ ṣáà kọ ọ́ dáadáa."

Oríṣi ẹ̀rọ méjì ló wà fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan máa ń gbọ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ dókítà àti aláìsàn látòkèdélẹ̀, tí yóò sì fúnra rẹ̀ kọ àkọsílẹ̀ jáde. Èkejì ń dúró de kí dókítà sọ àkópọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí aláìsàn bá jáde. Èkejì yìí ni wọ́n ń lò níbí, ó sì ní ìdí: Yorùbá ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn. Dókítà fúnra rẹ̀ ni afárá láàárín méjèèjì. Èèrà tó ń rìn nínú ẹsẹ̀ Màmá, òun ló mọ̀ pé iṣan tí àtọ̀gbẹ ti bà jẹ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Aago 9:07

Màmá ti jáde. Dókítà gbé fóònù súnmọ́ ẹnu, ó sì sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Mo tò ó sí Yorùbá níbí:

Obìnrin, ẹni ọdún 62. Àtọ̀gbẹ oríṣi kejì láti ọdún mẹ́sàn-án, ó ti dé inú iṣan, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹsẹ̀ méjèèjì ń jó, ó ń ta á, ó ti tó oṣù mẹ́ta. Kò sí àyà dídùn. Rọpárọsẹ̀ ló pa ìyá rẹ̀. Kò gbọdọ̀ gba penisilíìnì. Kó máa lo amlodipine 10 lọ. Metformin, ẹ gbé e sókè sí 1000 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Rárá, ẹ dúró, èsì kíndìnrín ò tíì dé, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, 500 lẹ́ẹ̀mejì.

Gbólóhùn tí mo ní ká tọ̀ lẹ́yìn ni ti ìparí yẹn. Bí ènìyàn ṣe ń ronú ló ṣe sọ ọ́: ó dábàá, ó rántí, ó yí padà. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró tì í ti gbọ́ ohun tó pinnu.

Aago 9:08

Fóònù ti fi ohùn náà ránṣẹ́. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ohùn di ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ á gé ohùn sí wẹ́wẹ́, ìdá díẹ̀ nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, á wo ìró tó wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, á sì yan ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe jù lọ kó tẹ̀lé èyí tó ṣáájú. Àwọn ohùn tó ti gbọ́ rí ló ń tẹ̀ lé. Bí ó bá jẹ́ ohùn àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n fi kọ́ ọ, dókítà ọmọ Ìjẹ̀bú yóò pe orúkọ oògùn, ẹ̀rọ yóò kọ ohun tó wù ú.

Ìdí nìyí tí mo fi ka iṣẹ́ tí dókítà Tobi Olatunji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sí iṣẹ́ ńlá. Wọ́n kó AfriSpeech-200 jọ: igba wákàtí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ẹnu àwọn ọmọ Áfíríkà 2,463, ní ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ 120, láti orílẹ̀-èdè 13, tí ọ̀rọ̀ ìṣègùn sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá ti gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ kì í tètè ṣìnà mọ́. Síbẹ̀, àwọn ibi kan wà tó ń yọ̀ fún gbogbo ẹ̀rọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìfúnpá tó lọ sílẹ̀ jù fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn pátápátá lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti àádọ́ta náà rí bẹ́ẹ̀. Amlodipine àti amiloride, oògùn méjì tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ gédégédé, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ní ọdún 2024, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà yẹ Whisper wò, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀ tí ilé-iṣẹ́ OpenAI ṣe. Wọ́n rí i pé nínú bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ohùn tí wọ́n fi dán an wò, ó kọ odindi gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni ò sọ. Nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń dánu dúró bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Dókítà tó bá sì dánu dúró láti ronú kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ní ti Màmá, ẹ̀rọ gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣì. Ibi tí ewu wà ṣì ń bọ̀.

Aago 9:09

Iṣẹ́ kejì ni kí ọ̀rọ̀ wọ inú àpótí. Ibí ló yẹ ká dúró sí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò.

Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ wá orúkọ àrùn, oògùn àti àmì àìsàn nínú ọ̀rọ̀ náà. Àtọ̀gbẹ oríṣi kejì tó ti dé inú iṣan: kóòdù E11.4 nínú ìwé àrùn àgbáyé ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, ICD-10. Ẹ̀jẹ̀ ríru: I10. Títí dé ibí, ó dára. Ṣùgbọ́n àyà dídùn wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú, Màmá ò sì ní àyà dídùn. Ẹ̀rọ tó ń wá orúkọ àìsàn nìkan yóò mú un, yóò sì kọ ọ́ sí wọn lọ́rùn. Ní ọdún 2001, Wendy Chapman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pittsburgh gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n pè ní NegEx: ó ń wá ọ̀rọ̀ ìsẹ́, bíi "kò sí", á sì wo àìsàn tó wà nítòsí rẹ̀, kó lè mọ̀ pé wọ́n sẹ́ ẹ ni. Ọ̀nà tó rọrùn, ó sì ṣiṣẹ́ débi pé títí di òní wọ́n ṣì ń dárúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè pé ta ló ni ín. Rọpárọsẹ̀ ló pa ìyá Màmá. Bí ẹ̀rọ bá fi kóòdù I64 sí i, Màmá di ẹni tó ti ní rọpárọsẹ̀ rí. Bí ó bá fi Z82.3 sí i, ó di ẹni tí rọpárọsẹ̀ wà nínú ẹbí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni dókítà sọ, ṣùgbọ́n aláìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kóòdù méjèèjì. Dókítà ẹ̀ka pàjáwìrì tó bá ṣí àkọsílẹ̀ náà lóru ọjọ́ kan yóò ṣe ìpinnu tó yàtọ̀ lórí èyí tó bá rí.

Lẹ́yìn náà ni ti ìgbà: àná ni, òní ni, àbí ohun tí a fẹ́ ṣe lọ́la? Lẹ́yìn náà ni ti ìyípadà ọkàn. Nínú FHIR, ìlànà tí ọ̀pọ̀ ètò ilé ìwòsàn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àpótí kan wà fún àrùn, òmíràn fún ohun tí ara kọ̀, òmíràn fún oògùn tí dókítà ní kí wọ́n fún aláìsàn. Àpótí oògùn fẹ́ mọ orúkọ, ìwọ̀n, àti iye ìgbà lóòjọ́. Kò sí àyè níbẹ̀ fún "rárá, ẹ dúró". Ẹ̀rọ rí metformin, ó rí 1000, ó rí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Àpótí kún. Gbólóhùn tó kù, ó jókòó sínú àlàyé gígùn tó wà nísàlẹ̀, ní odindi, láìsí àṣìṣe kankan. Òkè àkọsílẹ̀ ń sọ ohun kan, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń sọ òmíràn.

Aago 11:30

Iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ dáhùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì ò tètè padà. Dókítà ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù lọ, fóònù ń tọ́jú ohùn de ìgbà tí ọ̀nà bá là. Ẹ̀rọ tí kò bá lè ṣe èyí kò yẹ kó wọ ilé ìwòsàn wa rárá.

Aago 1:20 ọ̀sán

Aláìsàn tán lórí bẹ́ǹṣì. Àkọsílẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ń dúró kí dókítà kà á, kó sì fọwọ́ sí i. Dókítà ò tíì jẹun láti àárọ̀.

Ní ọdún 2018, ìwádìí kan jáde nínú JAMA Network Open. Wọ́n wo àkọsílẹ̀ 217 tí àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà fi ohùn sọ. Bó ṣe ti ẹnu ẹ̀rọ jáde, ó lé ní ọ̀rọ̀ méje nínú ọgọ́rùn-ún tó ní àṣìṣe. Nígbà tí òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ ti kà á tán, àṣìṣe ti lọ sílẹ̀ sí 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí dókítà fọwọ́ sí i, ó di 0.3. Ẹ̀rọ òní ti sàn ju ti ìgbà yẹn lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìyàtọ̀ ti wá: ojú ènìyàn ló mú un wá, ojú tó jókòó kàwé.

Ìdí tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń wá ẹ̀rọ yìí kò ṣàjèjì. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2016, tó tọ dókítà 57 lẹ́yìn, rí i pé fún wákàtí kan tí dókítà fi kojú aláìsàn, ó ń fi bíi wákàtí méjì sórí kọ̀ǹpútà àti ìwé. Ẹni tó bá dín àsìkò yẹn kù, oore ló ṣe. Ìbéèrè mi ni ibi tí àsìkò tó dínkù yẹn ń lọ. Alákòóso tó bá rí i pé dókítà ti bọ́ lọ́wọ́ títẹ kọ̀ǹpútà yóò fẹ́ kó rí aláìsàn mẹ́wàá kún un. Èmi ò gbà. Àsìkò tí ẹnu fi pamọ́ fún ọwọ́, ojú ló ni ín. Kí ilé ìwòsàn kọ ọ́ sínú ètò ọjọ́ pé wákàtí báyìí jẹ́ ti kíkà, kí wọ́n má fi aláìsàn kankan sí i, bí wọ́n ṣe ń ya àsìkò sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ abẹ.

Lọ́jọ́ yìí, kò sí ẹni tó ya irú àsìkò bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. Dókítà fi bí ìṣẹ́jú kan ka ti Màmá. Ó rí rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀rọ kọ mọ́ wọn lọ́rùn, ó gbé e lọ sí àpótí ẹbí. Ó rí penisilíìnì, ó tọ̀nà. Ó ka àlàyé ìsàlẹ̀, ó rí i pé bí òun ṣe sọ ọ́ gan-an ni. Àpótí oògùn, ojú rẹ̀ fò ó. Ó fọwọ́ sí i.

Aago 3:05

Ní fámásì, apòògùn kì í rí àlàyé ìsàlẹ̀. Àpótí oògùn ló ń rí.

"Mà, wọ́n ti fi kún oògùn ṣúgà yín o. Ẹyọ méjì láàárọ̀, ẹyọ méjì lálẹ́ lẹ ó máa lò báyìí."

"Wọ́n fi kún un kẹ̀? Dókítà ní kí n máa lò ó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ títí èsì kíndìnrín mi yóò fi dé."

Apòògùn wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo Màmá. Kò yí ohunkóhun padà fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì kó oògùn lé wọn lọ́wọ́. Ó pe kílíníìkì lórí fóònù.

Mo fẹ́ kí èyí yé wa dáadáa. Ẹni tó mú àṣìṣe náà ni aláìsàn tí dókítà ti ṣàlàyé fún lédè tó gbọ́. Bí Màmá bá jẹ́ ẹni tó máa ń mi orí sí gbogbo ohun tí ilé ìwòsàn bá sọ, oògùn náà ti bá wọn délé.

Aago 3:25

Dókítà gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbọ́ "rárá, ẹ dúró" tirẹ̀. Ó ṣàtúnṣe àpótí oògùn sí 500 lẹ́ẹ̀mejì. Ètò tó dára kì í pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Yóò tọ́jú rẹ̀, yóò sì kọ ẹni tó yí i padà àti àkókò tó yí i sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá ń wádìí lọ́la lè mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn.

Ohùn yẹn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àìsàn Màmá wà nínú rẹ̀, ikú ìyá wọn wà nínú rẹ̀. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra pàtàkì. Ó yẹ kí ilé ìwòsàn lè sọ fún Màmá ibi tí ohùn náà wà, ẹni tó lè gbọ́ ọ, ọjọ́ tí wọn yóò pa á rẹ́, àti bóyá ẹnikẹ́ni yóò fi kọ́ ẹ̀rọ mìíràn. Gbígbà tí wọ́n gbà láàárọ̀, pé kí dókítà fi ohùn kọ ọ́, kò kan èyí tó gbẹ̀yìn yẹn.

Aago 5:40 ìrọ̀lẹ́

Lábù fi èsì ránṣẹ́. Ìwọ̀n iṣẹ́ kíndìnrín: 41. Nọ́ńbà náà wọ àpótí tirẹ̀, pẹ̀lú kóòdù tirẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti bá àpótí oògùn pàdé. Ìlànà ìṣègùn ni pé bí iṣẹ́ kíndìnrín bá ti wà láàárín 30 sí 45, metformin kò gbọdọ̀ ju 1000 lójúmọ́ lọ. 500 lẹ́ẹ̀mejì, 1000 gééré. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ṣe ìṣirò yẹn, ó sì dákẹ́, nítorí kò sí ewu. Bí ó bá jẹ́ 1000 lẹ́ẹ̀mejì ló ṣì wà níbẹ̀, ìlọ́po méjì ohun tó yẹ ni Màmá ì bá máa gbé mì, kọ̀ǹpútà ì bá sì ké gbàjarè ní aago 5:40 lórí aláìsàn tó ti wọ mọ́tò lọ sílé láti aago mẹ́ta ààbọ̀. Èrè àpótí nìyí: fáìlì tí wọ́n fi okùn dì kò lè ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ láéláé. Ewu rẹ̀ náà sì nìyí, nítorí ohun tó wà nínú àpótí nìkan ni kọ̀ǹpútà ń ṣírò.

Aago 5:52

Dókítà pe ọmọ Màmá lórí fóònù, ó ní kí wọ́n máa lo oògùn lọ bó ṣe wà, kí wọ́n sì padà wá tún ẹ̀jẹ̀ fà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló tún gbé fóònù súnmọ́ ẹnu: iṣẹ́ kíndìnrín 41, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àrùn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́, a ó tún un wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kí á tó mọ̀.

Ẹ̀rọ kọ N18.3 sínú àpótí àrùn, àrùn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́, ìpele kẹta. Kò kọ "ó ṣeé ṣe". Èsì ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò sì tó láti pe ẹnikẹ́ni ní bẹ́ẹ̀. Dókítà wo àpótí àrùn, ó wo àpótí oògùn, ó wo ti ẹbí. Ó yọ N18.3 kúrò, ó fi àyẹ̀wò oṣù mẹ́ta sí àpótí tirẹ̀, ó ka gbogbo rẹ̀ látòkè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì fọwọ́ sí i ní aago 6:04. Lẹ́yìn náà ló padà sí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó kù, tó ti fọwọ́ sí lọ́sàn-án, ó ń ṣí àpótí oògùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.